OLÓGBÒ TÍ A Ń SỌ LÓKÙÚTA ÀTI ÈYÍ TÍ A Ń FI OWÓ ŃLÁ RÀ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lọ́dún yìí lè pa àwọn kan nínú yín lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ológbò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé nínú sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọ̀rọ̀ méjì wọlé tọ̀ wá wá láàrin oṣù kan ṣoṣo. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ òbí kan ní Àkúrẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fẹ́ fi ológbò òyìnbó kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n ń pè ní British Shorthair. Wọ́n sọ fún un pé ẹranko jẹ́jẹ́ ni, irun rẹ̀ kúrú, kì í pariwo, kì í họ ènìyàn, ó sì ní ìwé ìran lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pè é ju owó àgbò Iléyá lọ. Ó wá ń bi wá bóyá ó tọ́ kí mùsùlùmí ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ológbò. Ìkejì wá láti Oǹdó, kì í sì í ṣe ìbéèrè, ẹjọ́ ni. Àwọn ọmọ kéwú wa kan lé ológbò kan láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí dé ìdí ògiri, wọ́n sọ ọ́ lókùúta títí ó fi kú. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò sì yìn wọ́n, ó ní wọ́n ṣe é re, àjẹ́ ni wọ́n pa.

Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé wọn kò jìnnà síra. Ẹnì kan fẹ́ fi owó ńlá ra ìwà jẹ́jẹ́ lára ológbò. Àwọn kan sì ń fi òkúta lé ìwà jẹ́jẹ́ náà kúrò lára èyí tí Ọlọ́hun fi ta wọ́n lọ́rẹ. Èrò tiwa ni pé ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní Èkó yẹn, a ní in ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ̀rù àti àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí a rí i. Àìmọ̀ yìí sì ń pa wá lára ní ìpínlẹ̀ wa yìí ju bí a ti rò lọ, bí a ó ti sọ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. British Shorthair, ológbò onírun kúkúrú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ẹranko tó ki pọ́pọ́. Orí rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ó sì nípọn. Irun rẹ̀ kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀, ó sì dì mọ́ra bí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí ara rẹ̀ dà bí eérú tí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí bàbà. Aláwọ̀ aró ni àwọn òyìnbó ń pè é, bẹ́ẹ̀ eérú gbáà ni lójú tiwa. Dúdú wà, funfun wà, abilà náà wà. Akọ rẹ̀ lè wọn kílò 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, abo kéré sí i, ó sì ń gbà tó ọdún mẹ́ta kí ó tó dàgbà tán. Kì í fẹ́ kí a máa gbé òun káàkiri bí ọmọ ọwọ́. Yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, yóò máa wò ọ́, yóò sì dákẹ́. Bí ẹ bá jáde nílé fún wákàtí mélòó kan, yóò sùn dè yín.

Nísinsìnyí, ta ni bàbá rẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Kì í ṣe ààfin ọba ni wọ́n ti mú un jáde, ológbò ìgboro ni. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí ológbò ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Róòmù sì wà lára àwọn tó kó o débẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju kí ó máa pa eku nínú àká àti ní ojú pópó. Àwọn òyìnbó náà bẹ̀rù rẹ̀ rí bí àwa ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní ọdún 1566, ní ìlú Chelmsford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé obìnrin kan tí ń jẹ́ Agnes Waterhouse wá sí ilé ẹjọ́ pé àjẹ́ ni, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án sì ni pé ó ní ológbò kan tí ń jẹ́ Sátánì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ibi. Wọ́n so obìnrin náà rọ̀ ní ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù July ọdún 1871, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Harrison Weir ṣètò ìpàtẹ ológbò ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ wò wọ́n. Ológbò tirẹ̀, arúgbó abilà kan tó ti pé ọdún 14, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yan àwọn tó dára jù nínú ológbò ìgboro, tí wọ́n ń mú wọn gun ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ ìran wọn sínú ìwé. Ní ọdún 1910 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi máa parí ní 1945, wọ́n ti ṣẹ́kù díẹ̀, ni wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ ológbò Páṣíà onírun gígùn kí ìran wọn má baà parun.

Ẹ ṣírò rẹ̀: láti orí igi ìsokọ́ dé orí tábìlì ẹ̀bùn, ọdún 305 ni. Ológbò kò yí padà ní gbogbo àkókò náà, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìran yìí kò ṣe àjèjì sí àwa tí a jókòó níwájú àlùfáà kọ́ ìmọ̀ hádíìsì. Isnáádì ni: lágbájá gbà á lọ́wọ́ tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù gbà á lọ́wọ́ làkásègbè. Àwọn Lárúbáwá ti ń ka ìran ẹṣin wọn bẹ́ẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ológbò. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kíláàsì hádíìsì ló mọ̀ pé kì í ṣe isnáádì nìkan ni à ń yẹ̀ wò, à ń yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ìwé ológbò lè sọ bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ fún ọ. Kò lè sọ ẹni tó fọwọ́ pa á lára nígbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èyí tó pọ̀ nínú ìwà rẹ̀ ti ń wá.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti yẹ èyí wò dáadáa. Wọ́n rí i pé láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ìbí, ọkàn ọmọ ológbò ṣí sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gbé e, tó ń fọwọ́ pa á lára, tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ní àkókò yẹn, kódà kí ó má ju ìdajì wákàtí lọ, yóò dàgbà di ẹni tí kì í bẹ̀rù ènìyàn. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá kọjá tí kò rí ọwọ́ ènìyàn, ó ṣòro púpọ̀ kí ó tó lè gbà pé ènìyàn kì í ṣe ọ̀tá. Ìwà bàbá náà ń ran ọmọ, a kò jiyàn, àwọn tó ń sin British Shorthair sì ti yan oníwà pẹ̀lẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ń bí ọmọ wọn sí, lẹ́sẹ̀ ènìyàn, wọn kì í sì í sábà jẹ́ kí ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 13.

Ẹ wá wo tiwa. Orí àjà ni ológbò wa ń bímọ sí, tàbí ẹ̀yìn àpò kòkó, tàbí inú ilé àkọ́pàtì. Ọwọ́ ènìyàn àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò rí, òkúta ló wà nínú rẹ̀. Èkejì, omi gbígbóná ni. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà tó ń sá, tó ń họ, tó ń jí ẹja lórí ààrò, a ó ní ológbò ilẹ̀ wa kò ní ìwà. Báwo ni yóò ṣe ní ìwà?

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2007 fi hàn pé gbogbo ológbò ilé ní ayé yìí jáde láti inú ológbò igbó kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti agbègbè rẹ̀, tó sì wà ní Àríwá Áfíríkà títí di òní. Ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì, wọ́n wú sàréè kan tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, wọ́n bá ènìyàn àti ológbò tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nítorí náà ológbò tí òyìnbó ń tà fún wa ní ọjà Èkó, láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni baba ńlá rẹ̀ ti lọ bá wọn. Ológbò ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ àti ológbò Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ti àjẹ́ ńkọ́, a ó dá a lóhùn. A kò sọ pé idán kò sí, Àlùkùránì dárúkọ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mú ẹranko kan ní ojú pópó kí a ní òun ni, láìsí ẹ̀rí, àbá dídá lásán ni. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń tàn lóru. Ẹ̀yìn ẹyin ojú rẹ̀ ní awọ kan tó ń dán bí dígí, tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé ó ń dá a padà, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú màlúù tàbí ewúrẹ́ lóru, tiwọn náà yóò tàn, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan pe màlúù ní àjẹ́ nígbà tó ń jẹ ẹran rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ké bí ọmọdé lóru. Abo tó ń wá akọ ni, tàbí akọ méjì tó ń jà nítorí abo. Wọ́n ní òru ló ń rìn. Ìgbà wo ni eku ń rìn? Àwọn mìíràn a tún mú hádíìsì kan wá nípa dúdú. Hádíìsì yẹn, ajá ló dárúkọ. Ó wà nínú àwọn onímọ̀ tó sọ èrò tirẹ̀ nípa ológbò dúdú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ní kí a máa pa ológbò.

Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyí. Nínú Muwatta Imam Malik, ìwé tí mọ́síábà wa dúró lé lórí, Kabsha ọmọ Ka'b ròyìn pé òun bu omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ òun, Abu Qatada. Ológbò kan wá láti mu nínú rẹ̀, ni Abu Qatada bá tẹ igbá náà fún un títí ó fi mu tán. Ó rí i pé ó ya obìnrin náà lẹ́nu, ó sì sọ fún un pé Ànábì kọ́ wa pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń wọlé tó ń jáde láàrin wa. Imam Malik sì sọ pé kò sí aburú nínú irú omi bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá rí ẹ̀gbin ní ẹnu rẹ̀. Nínú ìwé Abu Dawud, a kà á pé wọ́n gbé oúnjẹ kan wá fún ìyá wa Aisha nígbà tó wà lórí ìrun. Ológbò wá, ó jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí Aisha kírun tán, ojú ibi tí ológbò ti jẹ gan-an ni ó ti jẹ. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ní Oǹdó tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò níí da ọbẹ̀ nù? Ní Ràmàdáánì 1444, oṣù April 2023, ní ìlú Bordj Bou Arréridj ní Àlgéríà, ológbò kan gun Lèmámù Walid Mehsas lára níbi tó ti ń ka Àlùkùránì nínú ìrun àsámù. Ó fi ọwọ́ kan gbé e mọ́ra díẹ̀, kò dá kíké rẹ̀ dúró; ológbò náà dé èjìká rẹ̀, ó fẹnu kàn án lójú, ó sì bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ayé ló wò ó, ìjọba ilẹ̀ wọn sì bu ọlá fún un. Bí ó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ni, ẹ̀rù ń bà wá pé ìrun náà ìbá tú ká.

A gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òtítọ́ kò mọ ọ̀rẹ́. Ìtàn tí àwọn oníwàásù kan ń sọ pé Ànábì gé apá ẹ̀wù rẹ̀ kí ó má baà jí ológbò tó sùn lé e, kò sí nínú ìwé hádíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń sọ pé ìfẹ́ ológbò wá láti inú ìgbàgbọ́, àwọn onímọ̀ hádíìsì ti ní àgbélẹ̀rọ ni. Èyí tó dájú ti tó wa. Abu Hurayra, tó gba hádíìsì wá ju gbogbo sàábé yòókù lọ, orúkọ ológbò ni a fi ń pè é títí di òní, nítorí ọmọ ológbò tó ń bá kiri nígbà tó ń da ẹran.

Ní ti àwọn ọmọ tó sọ òkúta yẹn, a kò nà wọ́n. A mú wọn jókòó, a sì ka hádíìsì méjì fún wọn nínú Bukhari àti Muslim, ti Ibn Umar ni méjèèjì. Ọ̀kan sọ ti obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó dè mọ́lẹ̀ tí kò fún ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Èkejì sọ bí Ibn Umar ṣe bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó so ẹyẹ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta á lọ́fà. Ó sọ fún wọn pé Ànábì ṣẹ́ èpè lé ẹni tó bá sọ ohun ẹlẹ́mìí di àmì ìtafà. Ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ wà nínú rẹ̀. A ní ó wà nínú rẹ̀.

Hádíìsì obìnrin yẹn kan ẹni tó ra ológbò olówó ńlá pẹ̀lú. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀: bọ́ ọ, tàbí kí o jẹ́ kí ó lọ wá oúnjẹ. Ẹni tó bá ti ológbò mọ́ yàrá kan ní Àkúrẹ́ nínú ooru oṣù kẹta, tí iná kò sí, tí òun fúnra rẹ̀ lọ sí ìnáwó ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tún hádíìsì náà kà.

Nípa owó rẹ̀, hádíìsì Jabir kan wà nínú Muslim tó kọ owó ajá àti owó ológbò. Àwọn onímọ̀ kan, bí Ibn Hazm, dì í mú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímọ̀, tó fi mọ́ àwọn Máálíkì, ní títà rẹ̀ tọ́. Imam Nawawi sì ṣàlàyé pé ìkọ̀sílẹ̀ náà lè jẹ́ ti pé kí a fi ṣe ọrẹ fún ara wa ni ó dára jù. Ohun tí a sọ fún òbí wa nìyẹn: kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n bí owó náà bá ju ti àgbò lọ, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń rà, ológbò ni àbí ìyìn aládùúgbò.

A wá dé ibi tó kan ẹ̀mí. Ìpínlẹ̀ wa Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà, òun àti Ẹdó àti Bauchi. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ àrùn yìí, ní ìlú Lassa ní Borno, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ mọ ohun tí à ń wí. Eku ló ń gbé e kiri, eku ilé kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí gaàrí, lórí ìrẹsì, lórí èlùbọ́ tí a sá sí etí títì, ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Ó lè wà lára fún ọjọ́ 2 sí 21 kí ó tó farahàn. Nínú ènìyàn 10 tó bá mú, nǹkan bí 8 kò ní rí ju ibà kékeré lọ, ṣùgbọ́n nínú 100 tó bá dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, nǹkan bí 15 ń kú. Bí ó bá mú aláboyún ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, nínú ohun tó ju 80 lọ nínú 100, yálà ìyá kú tàbí oyún bàjẹ́.

Nínú ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn ará ìlú ṣe, lẹ́yìn kíkó oúnjẹ sínú ohun èlò olómorí, lẹ́yìn dída ìdọ̀tí nù jìnnà sí ilé, ológbò sísìn wà níbẹ̀. Àwọn baba wa tó ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté, wọn kò ka ìwé àjọ kankan. Ẹ wá rí i nísinsìnyí: ìlú tí eku ń pa ni ìlú tí ń pa ológbò. A kò ní ológbò nìkan ló lè lé ibà Lassa lọ. Ilé tó fi gaàrí sílẹ̀ láìdé, ológbò mẹ́wàá kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ nínú ilé máa ń mú kí eku ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì pa eku wá fún yín, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku náà.

Fún iṣẹ́ yìí, ológbò ilẹ̀ wa dára ju ti òyìnbó lọ. British Shorthair fẹ́ràn jíjókòó, ó sì ń tètè sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Irun rẹ̀ tó dì yẹn, òtútù ni a dá a fún. Nínú ooru wa yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n tún máa ń ní àrùn ọkàn kan tí ẹran ọkàn fi ń nípọn, àti àrùn kíndìnrín kan tó bá ẹ̀jẹ̀ Páṣíà wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè ìwé àyẹ̀wò àwọn òbí rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìran nìkan. Ológbò wa tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ó mọ oòrùn.

Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín, yálà ti Èkó ni o tàbí ti orí àjà, kí ó mọ nǹkan díẹ̀. Ẹran àti ẹja ni oúnjẹ rẹ̀, ara rẹ̀ kò lè dúró lórí èbà àti ẹ̀kọ. Orí ẹja tí a sè tó o. Ahọ́n rẹ̀ kì í mọ adùn ṣúgà, nítorí náà ẹ má fi bísíkíìtì tàn án. Wàrà tí gbogbo wa rò pé ó fẹ́ràn, púpọ̀ nínú àwọn tó ti dàgbà ni inú wọn ń rú sí i. Omi ni kí ẹ fún un. Bí ó bá ń ṣàìsàn, a fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní Paracetamol, ìdajì ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Ilé tó bá ń lo ọ̀tápíàpíà tàbí májèlé eku kò gbọ́dọ̀ sin ológbò, nítorí eku tó jẹ májèlé ni ológbò yóò jẹ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ẹ̀gbin ni, wọn kò bá ojú ìrun mu. Ẹ gbé iyanrìn sínú páànù fún un, yóò máa bò ó fúnra rẹ̀, kí aláboyún má sì jẹ́ ẹni tí yóò máa dà á nù. Ẹ gbà á ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí kì í ṣe ajá nìkan ni dìgbòlugi ń mú. Bí ológbò tí ẹ kò mọ̀ bá gé ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ wọ́n lọ́dàá, àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lórí rẹ̀, a fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn.

Bí ẹ bá mú un dé ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má pe ará àdúgbò jọ láti wá wò ó. Ẹ fi sí yàrá kan pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti páànù iyanrìn rẹ̀. Yóò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ọmọ kankan má fà á jáde. Kí ẹnì kan kàn jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà, kí ó máa ka Àlùkùránì tirẹ̀ tàbí kí ó máa ṣe iṣẹ́ amúrelé. Ní alẹ́ kejì tàbí ìkẹta, yóò yọ orí jáde, yóò gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, yóò sì wá fi ẹ̀gbẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀.